Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìsinmi Ìbímọ Láàrin Àwa Tí A Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìdálẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìyá sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Kánò)

     

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìyá pé kí a wá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. A jókòó, a rò ó. A rí i pé bí a bá dúró síbí, tí a ń sọ fún ìyá ọmọ pé kó fún ọmọ lọ́mú dáadáa, kó sì máa jẹ oúnjẹ aṣaralóore, a kò tíì sọ nǹkan tí nọ́ọ̀sì kò ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìyá tí kò rí ọ̀sẹ̀ méjì jókòó sílé, níbo ni yóò ti rí àyè tọ́jú ọmọ? Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ wá, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní lìífù. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i? Ta ló yẹ kó san owó rẹ̀? Kí ni àwa ẹgbẹ́ sì lè ṣe níbi tí ọwọ́ òfin kò dé?

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó wà níbí mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìjẹ̀bú. Kò sí ìjọba tó fún wọn ní ìsinmi kankan, síbẹ̀ wọ́n sinmi. Ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyá ìyàwó ń gbé omi kaná, ó ń po ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyàwó ilé mìíràn ń bá a dáná. Àwọn ọmọ ilé ń pọnmi. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, àbúrò rẹ̀ á bá a jókòó ti ọjà. Ó di ogójì ọjọ́ kí wọ́n tó gbà fún un kó jáde. Ìsinmi ìbímọ tó péye ni. Agbo ilé ló san owó rẹ̀.

Àwa tí a wà ní Sábó àti ní àwọn àdúgbò tó yí i ká, agbo ilé wa jìnnà sí wa. Owó ọkọ̀ ti gun òkè. Ìyá àgbà tí ìbá wá wẹ ọmọ ń bẹ̀rù ojú ọ̀nà, ẹni tó bá sì gbọ́ ohun tí à ń gbọ́ lójú ọ̀nà kò lè bá a wí. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kọ́ ọmọ wọn bí a ṣe ń wẹ ọmọ, bí a ṣe ń tọ́jú ìwọ́, bí a ṣe ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ.

Àwọn aládùúgbò wa Hausa ṣe é fún wa, a kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn náà ní àṣà omi gbígbóná ogójì ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní wankan jego. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí ni ìyá Hausa gbé omi gbígbóná wá bá ní yàrá. Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò ṣe dára tó, kò lè bá ni san owó oṣù tó dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin wa

A fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàrin wa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n sì ti fún wa láyè láti sọ ọ́, bí a kò bá ṣáà ti dárúkọ.

Àbúrò wa obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti wà níbẹ̀. Òun ló ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá, òun náà ló ń kọ iye tí àwọn tó ń tà á kiri gbà sílẹ̀. ₦40,000 ni owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, ọ̀gá ní kó máa lọ sílé, kó lọ bímọ láyọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó rò pé ìsinmi ni wọ́n fún òun. Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó padà lọ síbi iṣẹ́. Ó bá ọmọbìnrin mìíràn lórí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ìyá ọmọ, o kò rí i pé mo ti gba ẹlòmíràn? Búrẹ́dì kì í dúró de ènìyàn." Wọn kò fún un ní owó ìsinmi. Wọn kò fún un ní ìwé pé iṣẹ́ parí. Iṣẹ́ kàn lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá yìí, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n. Kò sí ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò tí wọn kì í fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ara ẹnì kan kò yá, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Wọn kì í ṣe òṣìkà.

Àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ lọ bá wọn nílé. Wọ́n fún wa ní omi, wọ́n fún wa ní ìjókòó, wọ́n sì gbọ́ wa yé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá, mo gbọ́. Òṣìṣẹ́ méje ni mo ní, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ obìnrin. Méjì ló lóyún lọ́dún kan náà. Bí mo bá ń sanwó fún ẹni tó wà nílé, tí mo tún ń sanwó fún ẹni tó dúró nípò rẹ̀, ta ni yóò bá mi ra fúláwà? Ta ni yóò bá mi ra igi tí mo fi ń dáná?"

A kò ní èsì lẹ́nu lọ́jọ́ náà. A dúpẹ́, a padà sílé. Ṣùgbọ́n a kò sùn lé ọ̀rọ̀ náà. A lọ bá àwọn ọmọ wa tó kàwé òfin, a bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, a bi àwọn ará wa tó wà ní òkè òkun Ghana àti Abidjan. Ohun tí a rí la kó wá síwájú yín.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1974, ní abala 54, ó sọ ohun márùn-ún nípa obìnrin tó lóyún tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìṣòwò, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni, títí kan iṣẹ́ oko. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ mọ ohun márààrún yìí bí ẹ ṣe mọ oríkì yín.

Èkíní, bí dókítà bá fún obìnrin níwèé pé ó ṣeé ṣe kó bímọ láàrin ọ̀sẹ̀ 6, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi.

Èkejì, fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó bá bímọ, agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rárá. Bí obìnrin fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ wá, kí ọ̀gá dá a padà sílé.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti bá ọ̀gá náà ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdáwọ́dúró, ọ̀gá gbọ́dọ̀ san ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán, fún gbogbo àkókò ìsinmi náà.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́ láti fi ṣe é.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tó bá wà nínú ìsinmi yìí, tàbí tí àìsàn tí oyún tàbí ìbímọ fà dá a dúró sílé tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fún un níwèé ìdádúró.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e ka orí àbúrò wa. ₦40,000 lóṣù jẹ́ ₦480,000 lọ́dún. Ìdajì owó ọ̀sẹ̀ 12 nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦55,000. Iye tí òfin ní kó gbà nìyẹn, ìjókòó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ dè é. Òun kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa náà kò mọ̀. Àwa tí a lọ bá wọn jà gan-an, a kò mọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ.

A kò sọ pé òfin yìí tó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, láìfi omi lé e. Òfin wa ní kí ìyá padà síbi iṣẹ́ nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6. Ta ni yóò fún ọmọ náà lọ́mú láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí oṣù 6? Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àìmọ̀kan àwọn ìyá ló fà á. Àwa mọ̀ pé iye ọjọ́ tí ìyá rí lò nílé wà nínú rẹ̀.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba rọwọ́ mú ju èyí lọ. Ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní kíkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ka ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní wákàtí méjì lójúmọ́ láti fi tọ́jú ọmọ, títí di oṣù 6. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti 2014, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́bìnrin ìjọba ní oṣù 6 fún ìbí àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí bàbá ọmọ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba sì ní ọjọ́ 10. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ náà kéde ọjọ́ 14 fún òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, tàbí tó bá gba ọmọ tọ́ tí ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Arábìnrin méjì lè wà nínú ilé kan náà ní Sábó. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó kíkún. Èkejì wà ní ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú ìdajì owó, ìyẹn bí ọ̀gá bá san án. Ẹ̀kẹta tó ń ta èlò ọbẹ̀ níwájú ilé wọn kò ní ọjọ́ kan. Oyún oṣù mẹ́sàn-án kan náà ni gbogbo wọn gbé.

Ta ló yẹ kó sanwó?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa: "Ta ni yóò bá mi ra fúláwà?" Ìbéèrè gidi ni. Ní Nàìjíríà, ọ̀gá nìkan ni òfin di ẹrù owó ìsinmi yìí lé lórí. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní òṣìṣẹ́ 500 lè gbé e. Oníbúrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ méje yóò gbé e pẹ̀lú ìnira. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni pé àwọn ọ̀gá a máa sá fún ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Wọn kò ní sọ pé nítorí oyún ni, wọ́n á kàn ní àyè ti kún.

Àwọn aládùúgbò wa ṣe é yàtọ̀. Ní Ghana, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà láti ayé bàbá wa, Òfin Iṣẹ́ 2003 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú owó kíkún, láìka ìsinmi ọdọọdún mọ́ ọn. Bí ó bá bí ìbejì, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 2 kún un. Ó sì ní wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n ní Ghana náà, ọ̀gá ló ń san án.

Ní Olómìnira Benin àti Togo, ọ̀sẹ̀ 14 ni, pẹ̀lú owó kíkún. Ọ̀gá ń san ìdajì, àpò àjùmọ̀ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ń san ìdajì kejì. Ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ará Èjìgbò wa pọ̀ sí ní Abidjan, ọ̀sẹ̀ 14 náà ni, àpò àjùmọ̀ní ló sì ń san gbogbo rẹ̀. Báwo ni owó ṣe ń wọ inú àpò náà? Àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí i déédéé, yálà wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó lóyún lọ́dún náà tàbí wọn kò ní. Lọ́jọ́ tí obìnrin bá bímọ, ẹrù náà kò já lu orí ọ̀gá kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ ní ọjà, ṣé ẹ rí i pé nǹkan tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré ni?

Ohun kan náà ni Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé sọ nínú Àdéhùn 183 tí wọ́n ṣe ní 2000: kí ìsinmi má dín ní ọ̀sẹ̀ 14, kí owó má dín ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta owó iṣẹ́, kí owó náà sì ti àpò àjùmọ̀ní tàbí àpò ìjọba wá, kó má baà di ẹrù ọ̀gá nìkan.

Nítorí náà, èsì wa sí ẹ̀gbọ́n wa pín sí méjì. Òtítọ́ ni wọ́n sọ pé ẹrù náà wúwo, ìjọba ló sì yẹ kó bá wọn gbé e. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dé, a kò gbọ́dọ̀ sọ ẹrù náà kalẹ̀ sórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí òun ni agbára rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wa.

Àwa tí a kò ní ọ̀gá

Ó kù àwa tí a pọ̀ jù. Oníṣòwò Sábó, ẹni tó ń ta aṣọ ní Kwari, aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń ta oúnjẹ lójú pópó. Kò sí ọ̀gá tí a lè mú òfin lọ bá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń padà sọ́jà kété tí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Owó ṣọ́ọ̀bù kì í mọ̀ pé ènìyàn bímọ. Oníbàárà tó bá bá ìlẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò máa lọ. Ọmọ tó yẹ kó wà lórí ẹní wà lábẹ́ agboòrùn, nínú oòrùn Kánò tí ẹ̀yin náà mọ̀.

A mọ ìyá kan nínú wa tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá pẹ̀lú ojú iṣẹ́ abẹ tí kò tíì jinná. Kò sí ẹni tó lé e jáde nílé. Owó àjọ tó yẹ kó san ló lé e jáde. Ohun tó dùn wá ni pé inú ẹgbẹ́ wa yìí ni àjọ náà wà, àwa la sì rán ènìyàn lọ béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ

A rí i pé àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ pé ìjọba fún ọkùnrin ní ọjọ́ 14. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó dára. Nílé, ó lè jọ ẹ̀rín lóòótọ́, nítorí àwọn ìyá kún agbo ilé. Níhìn-ín, ìwọ bàbá ọmọ ni ìyá ọkọ, ìwọ ni ìyá ìyàwó, ìwọ ni àbúrò tí yóò pọnmi. Bí o kò bá gbé omi kaná, omi náà kò ní gbóná. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kó kọ̀wé gba ọjọ́ 14 rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kó máa tì í ní agogo mẹ́rin fún ogójì ọjọ́. Kò sí ọkùnrin tí wíwẹ ọmọ rẹ̀ dín kù.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ohun mẹ́rin ni a gbé kalẹ̀ síwájú ìpàdé yìí.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa, ní Kánò níbí àti ní Àbújá, pé kí wọ́n tún Òfin Iṣẹ́ 1974 ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ ìsinmi pọ̀ sí i, kí owó kúrò ní ìdajì, kí wọ́n sì dá àpò àjùmọ̀ní sílẹ̀ bíi ti àwọn ará Benin àti Togo, èyí tí oníṣòwò náà lè máa dá owó sí. Ọ̀rọ̀ ọmọ kò ní ẹ̀yà, kò ní ẹ̀sìn. Kí a pe àwọn ẹgbẹ́ ìyá Hausa, Ígbò àti Núpé kí a jọ fọwọ́ sí ìwé náà.

Ìkejì, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ṣe ìlérí pé àwọn yóò pa ohun márùn-ún inú òfin yẹn mọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kò lè máa bẹ ìjọba fún ọ̀sẹ̀ 14 nígbà tí àwa fúnra wa kò fún ọmọ wa ní 12.

Ìkẹta, kí a dá àpò ìyá ọmọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Bí ènìyàn 100 bá ń dá ₦500 lóṣù, ₦50,000 ni lóṣù, ₦600,000 ni lọ́dún. Bí ìyá 10 bá bímọ láàrin ọdún, ₦60,000 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe owó ìkómọ. Owó tí yóò fi jókòó sílé ni, a ó sì máa fún un ní ₦10,000 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ 6, kó má baà ti ọjọ́ kìíní bọ́ sínú gbèsè aṣọ ẹbí. Àwọn ọkùnrin náà yóò dá a. Àwọn tó ti dẹ́kun bíbí yóò dá a, nítorí ẹni tó bímọ lónìí ni ọmọ rẹ̀ yóò gbé wa lọ́jọ́ alẹ́.

Ìkẹrin, kí àjọ kankan nínú ẹgbẹ́ yìí má ṣe gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bímọ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Kí a sún orúkọ rẹ̀ síwájú. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀, a sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì parí sí. A padà lọ bá ẹ̀gbọ́n wa pẹ̀lú ìwé òfin lọ́wọ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé owó ọ̀sẹ̀ 12 náà wá fún wa, ó pé, wọ́n sì ní kí àbúrò wa padà wá sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Kò rí owó ilé san, ó ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. A fi owó náà ránṣẹ́ sí i. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ní òun kò ní padà sí Kánò mọ́. Ọkọ rẹ̀ wà láàrin wa níbí. Orí fóònù ló ti ń rí ọmọ rẹ̀ tó ti ń tẹ̀ báyìí.

Òṣìṣẹ́ kejì tó lóyún lọ́dún náà bímọ lẹ́yìn ìgbà tí a ti lọ. Ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ 12, ó gba owó rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ń dúró dè é. Nígbà tó padà dé, ẹ̀gbọ́n wa fi ẹní sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, níbi tí yóò ti máa fún ọmọ lọ́mú. A ti débẹ̀, a sì rí i.

Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa la jẹ́ àgbà ọjà yìí, kò sí ẹlòmíràn. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí a wà níbẹ̀ kí orí ọmọ wọ́ mọ́. Yóò fún ìjọba wa létí ìgbọ́ràn. Yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa dàgbà, nílé àti ní ìdálẹ̀.